Àtùpà Inú Lífíìtì

Àkànní. Àkànní ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi. Ọmọ a-wọ-ihò-bọ̀-wálé. Ọmọ a-mọ-ibi-tí-omi-sùn-sí, tí í lọ jí i láàárọ̀. Àpáta ò dá baba wọn dúró, yanrìn ò tàn wọ́n jẹ. Wọn kì í tọrọ omi mu nílé wọn, àfi kí wọ́n bù fún ẹni tó ń tọrọ. Àkànní, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wọ inú ilẹ̀ tí ilẹ̀ ò gbọdọ̀ pa dé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi.

Bí ìyá wa ṣe máa ń kì í nìyẹn bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí amọ̀ pupa ti gan mọ́ ọn lára dé ìpéǹpéjú. Ìyá wa ti lọ. Àwọn tó mọ oríkì náà dé òpin ti lọ. Ó ku èmi, mo sì ti darúgbó; ìwọ̀nba tó kù lẹ́nu mi ni mo kọ yìí. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, èyí tí wọ́n fún wọn nílé àti èyí tí àlùfáà pè wọ́n, n kò gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn tó wà láàyè wà nínú wọn, egbò wọn kò sì tíì jinná. Oríkì òkú nìkan ni mo kọ, nítorí ẹni tó ni ín kò lè bínú sí mi mọ́.

Iṣẹ́ kànga ni iṣẹ́ wa. Ní Ayétòrò níbí, omi jìnnà sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga níbí yóò gbẹ́ ẹ títí ojú ọ̀run yóò fi kéré bí àwo lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wọlé. Èmi ni mo ń dúró lókè tí mo ń di okùn mú. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà kí bàbá wa tó fi okùn lé mi lọ́wọ́, n kò sì sọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ títí orí mi fi funfun. A gbẹ́ kànga káàkiri Ayétòrò, a gbẹ́ ní Afọ̀n, a gbẹ́ ní Ìwòyè, a sọdá ẹnubodè lọ gbẹ́ fún àwọn ará ọ̀hún tó jẹ́ pé Yorùbá kan náà la jọ ń sọ, àfi pé Faransé ni wọ́n fi ń ṣépè.

Iṣẹ́ yẹn ní òfin tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga tó ti pẹ́, a ó kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ń jó dáadáa, ènìyàn lè wọlé. Bí iná bá ń rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò sùn lọ, kò sì ní jí. A kì í bá àtùpà jiyàn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tí àtùpà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kí ó ju ọkọ́ sílẹ̀, kí ó máa gòkè bọ̀. Mo ti rí ẹni tó dúró. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ni, ní Afọ̀n; ó ní òun fẹ́ kó ìwọ̀nba amọ̀ tó kù sínú korobá. Òkú rẹ̀ ni a fà sókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára korobá náà.

Ẹni tó ń wọlé kì í gbé ẹrù dání. Yóò bọ́ fìlà rẹ̀ fún ẹni tó di okùn mú, yóò kó ohun tó wà lápò rẹ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnì kan, yóò sọ ọ́ sí onítọ̀hún létí. A kì í gbé ọ̀rọ̀ sínú wọ kànga. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ìgbà kan wà tó ní kí n sọ fún ìyàwó òun pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ àná, pé bí òun bá kú sísàlẹ̀ kí ìyàwó òun mọ̀ pé iyọ̀ yẹn wà lára ohun tó pa òun. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi mí pé, "Ṣé o dì í mú?" Èmi yóò sì dáhùn pé, "Mo dì í mú." Bí n kò bá tíì dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò nílẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa kànga. A máa ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara ògiri rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, tí ẹsẹ̀ yóò máa wọ̀ bí ènìyàn bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wá ihò náà. Yóò na ẹsẹ̀ kan sí ara ògiri, yóò táràrá díẹ̀, yóò rí i, yóò na ìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ju ojú rẹ̀ lọ.

Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù fẹ́ ìyàwó láti Ìwòyè. Ìyàwó náà bímọ ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìlaròó, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ, ojú abẹ náà kò sì tètè san. Bí ọjọ́ ìkómọ ṣe bá wọn ní ọsibítù nìyẹn. Ní agbo ilé wa, ọmọ kì í sun oorun ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ. Àlùfáà lè ṣe tirẹ̀ nílé bó bá yá, ṣùgbọ́n bàbá àgbà gbọ́dọ̀ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu kí ó sì pe orúkọ sí i létí kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bàbá ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè Ọya. Orí fóònù ni yóò ti gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ orúkọ náà. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo bi í lójú ọ̀nà, ó ní ṣé etí mi ni ọmọ fẹ́ fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mọ́tò gbé wa dé Ìlaròó, ọ̀kadà gbé wa dé ẹnu géètì ọsibítù. Inú àpò àlàárì tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kó oyin, iyọ̀ àti orógbó sí, ó gbé e kọ́ ọrùn bí ọmọ ilé kéwú. Ìyàwó rẹ̀ ti wà lókè látọjọ́ iṣẹ́ abẹ, òun ló ń tọ́jú ìyá ọmọ. A bá ìyá ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, àna wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwòyè dé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ ńlá kan àti báágì. Obìnrin tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu ni. Kò sì sí ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn láti máa bá ṣàwàdà bíi tirẹ̀. Ó bi í bóyá Ìwòyè ló ti fẹsẹ̀ rìn wá tó fi ń mí bẹ́ẹ̀. Àna wa ní òun ìbá ti dé láti àárọ̀, àmọ́ kànga tí àwọn kan gbẹ́ sójú ọ̀nà ní Ìwòyè ni òun kọ́kọ́ yà kí, pé kò tíì lómi títí dòní.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin ni ọsibítù náà, ó ṣì tuntun. Òkè téńté ni ìyá ọmọ wà. Ẹ̀gbọ́n mi wo àtẹ̀gùn, ó fara ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Àna wa náà wò ó, ó mí kanlẹ̀. Gíádì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń sọ èdè Yewa bíi tiwa, ní kí a má wulẹ̀ ṣe ara wa léṣe, kí a wọ lífíìtì. Ó gba kúlà àti báágì lọ́wọ́ àna wa, ó ní òun yóò bá a gbé wọn gba orí àtẹ̀gùn gòkè.

N kò wọ lífíìtì rí. Yàrá kékeré onírin ni, kò ní fèrèsé. Okùn irin ló ń fà á lọ sókè sódò nínú ihò gígùn kan tí wọ́n kọ́ sáàárín ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gíádì ló ṣàlàyé èyí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti wọlé títí ó fi mọ ohun tó gbé e dúró. Ó béèrè ẹni tó ń di okùn náà mú. Gíádì rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó ní ó ṣe, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀kùn pa dé, ilẹ̀ gbé wa.

"Láti kékeré ni mo ti ń wọ ihò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé mi lọ. Èyí nìkan ló gbé mi lọ sókè."

"Ẹ rọra o, Bàbá," ni àna wa dá a lóhùn, "kí ẹ má lọ kan omi lókè."

A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí lífíìtì náà jà gbì, tó dúró. Iná kú. A ò rí ara wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àtùpà kékeré kan tàn lórí wa, lára àjà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti elépo.

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ya agogo sí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún, gíádì sì dá wa lóhùn láti ìta. Ó ti gòkè dé àjà kìíní, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Ó ní iná ìjọba ló lọ, pé wọ́n ti lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, pé ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí a jókòó sílẹ̀. Kí a má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. A jókòó lóòótọ́. Àna wa tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní irú àlejò wo ni Ìlaròó ń ṣe yìí, kò sí omi, kò sí ìjókòó.

Ooru mú. Ìborùn àna wa ti tutù fún òógùn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí ikọ́ fée ṣe ń dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọn fèrè tó ti sán. Ó ní ike oògùn kékeré kan tó máa ń fẹ́ sí ọ̀fun. Ó wá a lọ́rùn aṣọ, ó wá a nídìí ìró, kí ó tó rántí pé inú báágì tó wà lọ́wọ́ gíádì ló wà.

Mo ń fi fìlà mi fẹ́ ẹ. Mo gbójú sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè gba fìlà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò wo àna wa rárá. Àjà ló ń wò. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo mọ ojú yẹn. N kì í rí i láti òkè kànga, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun ló máa ń wà lójú rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí okùn bá dédé fà yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Àbúrò," ó ní, "wo àtùpà."

Mo wò ó. Ó ń rẹlẹ̀. Pupa rẹ̀ ti ń lọ sí dúdú, bí ìgbà tí òwú bá fẹ́ẹ́ jó tán. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún èmi tàbí òun. Àtùpà ń kú, obìnrin kan ń mí bí ẹni tó ń rì, a sì wà nínú ihò.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó pe gíádì, ó ní afẹ́fẹ́ ibí yìí ti ń tán, òun fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Gíádì bẹ̀ ẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ kì í tán nínú rẹ̀, pé ó ń wọlé láti òkè, pé ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ni kí ènìyàn má jáde títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé.

"Ṣé ìwọ wà níbí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Àtùpà wà níbí. Àna mi ò ní kú sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìkómọ."

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yẹn. Ènìyàn fún ọ ní ọmọ rẹ̀, ó tún wá bá ọ yọ̀ nítorí ọmọ ọmọ, kí o wá gbé òkú rẹ̀ padà sí Ìwòyè. Ojú wo ni ìwọ yóò fi wọ ìlú wọn?

Ó ki ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ bọ àárín ilẹ̀kùn, ó fi àwọn ìka rẹ̀ yẹn fà á. Ìka tó ti ń fa àpáta ya. Ilẹ̀kùn inú là. Ògiri ló kọ́kọ́ hàn lójú wa, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, láti ìbàdí wa lọ sílẹ̀, òkè ilẹ̀kùn ti àjà kìíní yọ. Ó fi ọ̀pá ti irin kékeré kan tó wà lára rẹ̀, òun náà ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé bá wa. A rí orí gíádì àti ti nọ́ọ̀sì obìnrin kan, wọ́n gbójú sókè sí wa bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó wà lórí àká. Ilẹ̀ tí a dúró lé ga tó èjìká wọn. Lábẹ́ ilẹ̀ tiwa yìí, láàárín wa àti ibi tí wọ́n dúró sí, dúdú ni. Ihò náà ni.

Báágì àna wa wà ní èjìká gíádì. Ká ní a ti ní kí ó na ike oògùn yẹn sí wa láti inú àlàfo náà ni, kì bá tí sí ẹni tó tún ní láti kúrò níbi tó wà. Kò wá sí ọkàn mi. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àna wa ló kọ́kọ́ jáde. A dà á dojú bolẹ̀, a ti ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, gíádì àti nọ́ọ̀sì gbá a mú ní ìdí, wọ́n fà á sọ́dọ̀ wọn. Ó jókòó sílẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ oògùn rẹ̀ sí ọ̀fun. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń padà. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Gíádì ní ó tó, kí àwa méjèèjì dúró wàyí, kí a jókòó sí àárín, ilẹ̀kùn ti ṣí, afẹ́fẹ́ ti wà. Àtùpà orí wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ló kàn, pé èmi ni mo máa ń kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó di okùn mú ló máa ń kẹ́yìn kúrò nídìí kànga. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fún mi. Ó bọ́ àpò àlàárì lọ́rùn, ó fi kọ́ èmi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó fẹnu mọ́ mi létí, ó sọ orúkọ ọmọ náà fún mi.

Ó dojú bolẹ̀, ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ síta. Mo kúnlẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ṣé o dì í mú?"

"Mo dì í mú."

Ó ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ìbàdí rẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Gíádì ń na ọwọ́, ó ń sọ pé kí Bàbá ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn wà. Ó gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fetí sí ẹnikẹ́ni. Ó ti wà nínú ihò, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè lọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ń wá ògiri. Ó yí sínú, sábẹ́ lífíìtì, ó ń táràrá, ó ń wá ihò ẹsẹ̀. Ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ojú mi kọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló sọ fún mi, bó ti máa ń sọ fún mi láti òkè kànga.

Kò rí ihò kankan. Ìdí rẹ̀ tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú. Ọwọ́ gíádì kan etí ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ wá sọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ìwúwo ẹ̀gbọ́n mi ju bí mo ti mọ ojú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n okùn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ arúgbó méjì tí òógùn ti bò kì í ṣe okùn.

Mo gbọ́ nígbà tó dé ìsàlẹ̀. Omi òjò ti jò sínú ihò náà, omi ni mo gbọ́.

N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn náà. Àtùpà kú. Mo jókòó sí àárín lífíìtì bí gíádì ṣe ń pariwo pé kí n ṣe, mo gbé fìlà ẹ̀gbọ́n mi sórí itan, mo ń retí oorun tó máa ń pa àwọn ará kànga. Kò dé. Mo ń mí. Mo tún ń mí. Mo mí bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin tó ní kọ́kọ́rọ́ fi dé, tó fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà láti òkè, tí ilẹ̀ mi sì sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ àjà kìíní. Mo tẹ ẹsẹ̀ jáde bí ẹni tó ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀.

Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú. Aṣọ iṣẹ́ búlúù ló wọ̀, kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Mo bi í nípa àtùpà. Mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi bí àtùpà yóò ṣe máa kú níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

"Bàbá, bátìrì ló ń lò," ó ní. "Bátìrì rẹ̀ ló ti gbó. Kò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́."

Ó ní ihò wà lára gbogbo lífíìtì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bó ti wù kó móoru tó. Ó ní bí ó bá dúró, kí ènìyàn tẹ agogo, kí ó pe àwọn tó wà níta, kí ó sọ fún wọn bí ara ẹnì kan kò bá yá nínú rẹ̀, kí ó sì jókòó jìnnà sí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀ láàárín àjà méjì, kí ó má jáde. Ó ní àwọn tó dúró sínú rẹ̀ kì í kú, pé àwọn tó ń gbìyànjú láti jáde ni òun máa ń wá gbé. Ohùn rẹ̀ kò le. Ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo fetí sí i dé òpin. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ti ilé wa lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó tí n kò pè jókòó kí n sọ ọ́ fún bó ti sọ ọ́ fún mi.

Ilẹ̀kùn ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde. Dókítà wò ó, ó sì bo ojú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ló lọ pè é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìró ara rẹ̀ nu amọ̀ àti ọ̀rá ẹ̀rọ kúrò létí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àna wa wà ní ìdojúkọ wọn, ó fi orí ti ògiri. Nígbà tó yá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó rí àpò àlàárì lọ́rùn mi.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé ó sọ orúkọ náà fún ọ?"

Mo ní ó sọ ọ́ fún mi.

"Gòkè lọ, oòrùn ti ń lọ. Má sọ nǹkan kan fún ìyá ọmọ. Ojú abẹ rẹ̀ kò tíì dì."

Mo gba orí àtẹ̀gùn. Ó gùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà títí èémí mi fi balẹ̀, mo fi etí agbádá nu ojú mi. Ìyá ọmọ wà lórí ibùsùn, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ó kí mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní Bàbá ńkọ́, ṣé àwọn àti ìyá òun ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà wọn nìyẹn. Mo ní orúnkún rẹ̀ ni, pé ó wà nísàlẹ̀, pé èmi ló rán. Inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, mo rí i, nítorí ó ti fẹ́ kí Bàbá fúnra rẹ̀ pe orúkọ náà. Ó tẹ fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀, ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde láti òkè Ọya, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí mi kú ewu ọ̀nà.

Mo bu oyin, mo fi kan ọmọ lẹ́nu. Ó lá a. Mo fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo pe orúkọ tí bàbá àgbà rẹ̀ fún un sí i létí. Lẹ́yìn náà mo pè é sókè kí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́. Bàbá ọmọ pè é tẹ̀lé mi lórí fóònù, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Ìròyìn tó tẹ̀lé e, èmi náà ni mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù, ní ìta, nígbà tí ìyá ọmọ ti sùn. N kò ní kọ ohun tó wí.

Àwọn agbẹ́kànga Ayétòrò ló gbẹ́ ilé ìkẹyìn rẹ̀. Wọ́n kọ owó. Wọ́n gbẹ́ ẹ tọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kò sí ẹni tó gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí i. Àna wa ti Ìwòyè dé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi láàárín àgbàlá, wọ́n sì di ara wọn mú síbẹ̀. A wẹ ẹ̀gbọ́n mi, a dì í ní aṣọ funfun, a kírun sí i lára.

Nígbà tí ó di ká sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gba aṣọ ìsọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní Bàbá, ẹ ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Mo dúró níbi orí rẹ̀, mo lọ́ aṣọ náà mọ́ ọwọ́. Ìwúwo rẹ̀ wọ apá mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Mo ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi kan ilẹ̀, aṣọ sì dẹ̀ lọ́wọ́ mi.

A sin ín ní Ayétòrò, ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.